Bí Àjọkẹ́ Ṣe Di Ọ̀pọ̀ Ọmọ Nínú Ìwé Òyìnbó

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ mumi kó tètè lọ mu ún, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹ̀ púpọ̀. Ẹsẹ̀ tèmi nìkan ni kò lè rìn mọ́.

Bísí ló fà á. Ó dé láti ibi ìpàdé lánàá pẹ̀lú àpò aláwọ̀ ewé kan léjìká, wọ́n kọ "Ẹ̀tọ́ Ọmọdé" gàdàgbà sí i lára. Ó ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ni àwọn wà, àwọn àlejò wá láti ìlú òkèèrè, wọ́n sì fi odindi ọjọ́ mẹ́ta jíròrò lórí ọmọdé. Mo ní, "Ọmọdé mélòó ló jókòó síbẹ̀?" Ó ronú títí, ó ní, "Bàbá, kò sí o. Àárọ̀ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé wà nílé ìwé." Lẹ́yìn náà ló wá wò mí bí ẹni tó ń wo ògiri àlàpà, ó ní, "Bàbá, láyé tiyín, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ń ro ti ọmọdé?"

Mo rẹ́rìn-ín títí eyín tó kù lẹ́nu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí ìyá rẹ ni àwọn òyìnbó ti ń ṣe irú ìpàdé yẹn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe ọ̀kan tó jẹ́ pé tìtorí àwọn ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ nìkan ni. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí yìnyín ti ń bọ́. Ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ kan kò sí níbẹ̀, torí náà ayé kò yí padà tó bí ẹ ṣe rò. Ṣùgbọ́n ìwé ìbéèrè wọn dé Yábà. Èmi tí mo jókòó yìí ni mo gbé e káàkiri, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ mi.

Ẹ má fi ojú Yábà òní wò ó o. Yábà ìgbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ìlú ni. Ìjọba la ojú ọ̀nà rẹ̀ gbọọrọ bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n, wọ́n ní kí àwọn ará Èkó tí ilé ti há mọ́ máa kó bọ̀. Bí o bá rìn kọjá ilé tó kẹ́yìn, igbó ni. Ibi tí ẹ ti ń ra aṣọ ní Tejúoṣó yẹn, ewúrẹ́ ló ń jẹko níbẹ̀. Súrùlérè, oko. Ìgànmú la ti ń pa akàn. Ìpọ̀nrí, àbàtà àti ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà òjò, ọ̀pọ̀lọ́ Ìpọ̀nrí a máa ké débi pé ẹni tó ń gbàdúrà ní Yábà á rò pé wọ́n ń ṣe àmín fún òun. Fèrè rélùwéè ló ń jí wa láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó ní aago. Bí fèrè bá pẹ́, gbogbo àdúgbò á pẹ́, a ó sì máa fi ẹ̀bi náà kan ara wa.

Télọ̀ ni mí nígbà náà. Ìwé mẹ́rin ni mo kà. N kò ka ìkarùn-ún, nítorí tíṣà ìkarùn-ún a máa na ènìyàn, èmi sì jẹ́ ojo láti inú ìyá mi wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí wolé-wolé bá dé láti wá yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, abẹ́ ibùsùn ni wọ́n á ti bá mi, èmi tí n kò ní ìkòkò rárá. Èkó ti kọ́ wa pé ẹni tí wolé-wolé bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kóòtù ló ń lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti wá.

Ọ̀rọ̀ Kọ́ńfọ́ọ̀tì ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù. Bàbá rẹ̀ jẹ́ káfíńtà, ará Ìjẹ̀bú, àgbà ìjọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tèmi. Ọkùnrin náà kì í rẹ́rìn-ín. Bó bá ń kan ìṣó, á máa wò mí bíi pé orí mi ni ìṣó náà. Ó ti gbà kí n fẹ́ ọmọ òun, ṣùgbọ́n ó fi ìkìlọ̀ sí i. Ó ní, "Télọ̀, mo gbọ́ pé o máa ń sá fún wolé-wolé. Ìyẹn kò burú, gbogbo wa là ń sá fún un. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé o fi nǹkan pamọ́ fún ọmọ mi, ọjọ́ náà ni wàá mọ̀ pé pákó nìkan kọ́ ni mo lè rẹ́." Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti gbọ́ ìró ayùn, ọrùn á máa yún mi.

Àgbàlá kan náà ni èmi àti ọ̀pọ̀ ìdílé jọ ń gbé. Ìyá Ráfátù, opó, mùsùlùmí, ló ń se ọṣẹ dúdú lẹ́yìnkùlé. Ìyá Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ òsómàáló láwìn ló wà ní yàrá tó tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn tún wà. Láàárín wa ni Àjọkẹ́ wà.

Ìyá Àjọkẹ́ ló ń ta ẹ̀kọ gbígbóná fún àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Àìsàn mú un lọ́sẹ̀ kan, ní ọ̀sẹ̀ kejì a sin ín. Bàbá ọmọ náà ti bá rélùwéè lọ sí òkè Ọya kí wọ́n tó bí i. Kò padà, kò ránṣẹ́, a kò sì gbọ́ pé ó kú. Ẹ̀yin ọmọ, kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lórí rẹ̀. Ìyá Ráfátù gbé e sórí ẹní tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Kọ́ńfọ́ọ̀tì ti ọ̀dọ̀ káfíńtà wá fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí ó fi pé bí ọmọ ọdún méje.

Ọmọ náà gbọ́n bí ìjàpá. Nígbà ààwẹ̀, á bá Ìyá Ráfátù jẹ sààrì, á gbààwẹ̀ títí òórùn ọbẹ̀ Ìyá Kọ́ńfọ́ọ̀tì á fi dé imú rẹ̀. Á jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́dọ̀ onígbàgbọ́, ní ìrọ̀lẹ́ á padà wá bá àwọn mùsùlùmí ṣínu. Lọ́jọ́ Iléyá, òun ló ń kọ́kọ́ dé ìdí ẹran. Lọ́jọ́ Kérésì, òun ló ń kọ́kọ́ dé ìdí ìrẹsì. Bó bá ṣẹ̀, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló ń nà án. Bó bá ń sunkún, ẹlòmíràn ló ń rẹ̀ ẹ́. Èmi náà, àjákù aṣọ tó bá kù nídìí ẹ̀rọ mi ni mo fi rán bùbá kan fún un. Bùbá náà ní bí àwọ̀ mẹ́sàn-án, apá kan sì gùn ju ìkejì lọ. Ó ń wọ̀ ọ́ yangàn káàkiri Yábà bí ọmọ ọba. Lóde òní, bí ọmọ ará ilé kejì bá yà sọ́dọ̀ yín nígbà oúnjẹ, ẹ ó kọ́kọ́ bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àwa kò ráyè bèèrè, nítorí kí o tó la ẹnu, Àjọkẹ́ ti bu òkèlè.

Inú ayé báyìí ni òyìnbó obìnrin kan gun kẹ̀kẹ́ wọ̀. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó fi okùn so fìlà rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àgbọ̀n kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ènìyàn dáadáa ni, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àwọn tó fẹ́ ṣe ìpàdé lókè òkun ló rán an pé kó wádìí bí ọmọ wa ṣe ń jẹ, bí wọ́n ṣe ń ṣàìsàn, ìgbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí ru ẹrù, àti àwọn tí kò ní òbí. Láàárín ọjọ́ méjì, àwọn ọmọ ti sọ ọ́ ní Ìyá Oníbèérè.

Tíṣà ilé ìwé wa ló wá sọ fún mi pé òyìnbó náà ń wá ògbufọ̀. Mo dúpẹ́, mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo sá lọ sí Ìpọ̀nrí. Mo jókòó láàárín àwọn ọ̀pọ̀lọ́ títí oòrùn fi yẹ̀. Kọ́ńfọ́ọ̀tì ló wá mi débẹ̀.

"Bùọ̀dá, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Mò ń gba atẹ́gùn."

"Nínú ẹrẹ̀?"

"Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ dìde. Bí bàbá mi bá gbọ́ pé ẹ sá fún obìnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ wa parí nìyẹn. Ìdána ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Mo dìde. Ẹ̀rù òyìnbó ń bà mí, ẹ̀rù káfíńtà sì ń bà mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojo tó bá ní ẹ̀rù méjì, èyí tó kéré ló ń gbá mọ́ra.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Ráfátù la kọ́kọ́ lọ. Òyìnbó ní kí n bi í pé ọmọ mélòó ló bí. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ó ní ọmọ mélòó lẹ bí."

Ìyá Ráfátù gbé igi tó fi ń ro ọṣẹ sókè. "Télọ̀, kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"Èmi kọ́, Ìyá. Òun ló bèèrè."

"Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ Yorùbá lo wá gbé e sẹ́nu? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Ṣé ẹyin adìẹ ni mo bí?"

Ẹ̀yin ọmọ òde òní ń kọ iye ọmọ yín sórí oríṣiríṣi ìwé láìmikàn. Láyé wa, bí o bá ka ọmọ, o ti fi iye wọn han ohun tó ń wá èyí tí yóò mú. Mo ṣàlàyé fún òyìnbó bí Gẹ̀ẹ́sì ìwé mẹ́rin mi ṣe mọ. Ó ronú, ó ní ó dáa, kí wọ́n máa dárúkọ àwọn ọmọ, òun yóò fúnra òun kà wọ́n nínú ilé. Ìyẹn bá wọn lára mu. Orúkọ kì í ṣe iye.

Ṣùgbọ́n ìwé náà oríṣi méjì ni. Funfun ni ti ọmọ tó ní òbí. Pupa ni ti ọmọ tí kò ní. Kí ló dé tí wọ́n fi pupa ṣe é? N kò mọ̀. Bóyá òun ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ìdí ẹ̀rọ omi ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti jáde: gbogbo ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá bọ́ sínú ìwé pupa, ọkọ̀ ojú omi yóò gbé e lọ sí ibi ìpàdé náà, kí àwọn àgbààgbà òyìnbó lè fi ojú ara wọn rí i. Wọn yóò sì gbàgbé láti dá a padà. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá wù yín. Ta ni yóò kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀ tí kò ní wá pè é? Wolé-wolé ti kọ́ wa.

Ìdí nìyẹn tí Ìyá Ráfátù, nígbà tó dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tán, fi wò mí lójú kòrókòró, tó ní, "Àti Àjọkẹ́."

Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Igi ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

A dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ìjẹ̀ṣà lọ́jọ́ kejì. Ó dárúkọ tirẹ̀ tán. "Àti Àjọkẹ́." Ilé kẹta, "Àti Àjọkẹ́." Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ ọ́ fún wa nínú yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ẹnì kan kò mọ ohun tí ẹnì kejì sọ. Èmi nìkan ni mo mọ̀.

Èyí tó burú jù ni pé òyìnbó ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bísíkíìtì ní ilé kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ti wọlé, Àjọkẹ́ ti wà níbẹ̀, ó na ọwọ́. Lọ́dọ̀ Ìyá Ráfátù, ó bo orí. Lọ́dọ̀ Ìyá Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ti di gèlè fún un. Nílé kẹta, ó yí inú bùbá aláwọ̀ mẹ́sàn-án yẹn síta. Òyìnbó a máa fọwọ́ pa á lórí, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má bú u. Àwọn náà jọra lójú wa. Lọ́jọ́ kẹrin ó ṣí ìwé kékeré rẹ̀, ó ní òun ti ṣàkíyèsí nǹkan kan: orúkọ Àjọkẹ́ wọ́pọ̀ gan-an ní Yábà. Ó bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ẹni tí gbogbo wa jọ ń kẹ́ ni. Ó ní orúkọ náà dára, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ nu òógùn ojú mi.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Kọ́ńfọ́ọ̀tì nìkan ni n kò ti túmọ̀ nǹkan kan. Ó ní òun mọ ìwé kọ, òun kò sì ní jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ òun máa wo inú ilé òun kí ìdána tó pé. Ó kọ ìwé tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fi í sínú àpò ìwé, ó fi àtè lẹ̀ ẹ́, ó tún kan ìṣó wẹ́wẹ́ méjì mọ́ ọn. Káfíńtà ni.

Ọjọ́ tí a parí, ní ìrọ̀lẹ́, òyìnbó jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi, ó ń tú àwọn ìwé náà wò. Ó ní àwọn ọmọ kan wà tí ìyá wọn kò dárúkọ bàbá fún. Òótọ́ ni, Àjọkẹ́ ni gbogbo wọn. Obìnrin wo ló jẹ́ fi ọmọ kún ọmọ fún ọkọ rẹ̀ láìsọ fún un, ààyè tàbí òkú? Ó ní lọ́jọ́ Ajé, òun yóò da orúkọ àwọn tí kò ní bàbá kọ sínú ìwé pupa.

Mo rí Àjọkẹ́ lójú ọkàn mi, nínú ọkọ̀, ó ń wọ bùbá mi nínú yìnyín. Òyìnbó lọ wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí àwọn ọmọ ń fi agogo rẹ̀ ṣeré. Ìwé funfun kan tó ṣófo wà níwájú mi. Mo mú kálàmù. Níbi tí wọ́n ti ní kí bàbá kọ orúkọ, mo kọ tèmi. Níbi ọmọ, mo kọ Àjọkẹ́. Mo rò ó pé bí Àjọkẹ́ kan bá ti ní bàbá, àwọn tó kù á rí i fara mọ́. Mo tì í bọ àárín àwọn ìwé náà. Ìlú yìnyín ni wọ́n ń lọ. Ta ni yóò kà á fún ẹni tí mo mọ̀?

Lọ́jọ́ kejì ni òyìnbó ní òun yóò pe gbogbo àdúgbò sí gbọ̀ngàn ilé ìwé ní ọjọ́ Sátidé, òun yóò fún wọn ní tíì àti búrẹ́dì, òun yóò sì ka ìwé ilé kọ̀ọ̀kan sókè, kí wọ́n lè jẹ́rìí pé ohun tí wọ́n sọ lòun kọ. Ó ní èmi ni n ó máa túmọ̀ rẹ̀. Ìdána ku ọ̀sẹ̀ kan gééré. Mo ti ra iṣu.

Gbọ̀ngàn kún. Kọ́ńfọ́ọ̀tì ló ń gbé tíì káàkiri, ó wọ aṣọ tí mo rán fún un. Bàbá rẹ̀ jókòó níwájú, ó ká apá mọ́ àyà. Òyìnbó gbé ìwé àkọ́kọ́, ti Ìyá Ráfátù, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye. Kí n tó la ẹnu, tíṣà ti túmọ̀ rẹ̀ sétí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Ráfátù fò dìde, ó fọwọ́ bo etí méjèèjì.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò níye o! Ẹ ò níye! Télọ̀, sọ fún un kó gbé e mì!"

Wọ́n pariwo. Àwọn kan ń ta ìka nù. Mo bẹ òyìnbó, òyìnbó bẹ̀ wọ́n, a fẹnu kò pé orúkọ nìkan ni yóò máa kà. Ẹ̀yin ọmọ, bó bá jẹ́ pé iye ló kà ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti parí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó ka orúkọ àwọn ọmọ Ìyá Ráfátù. Èyí tó kẹ́yìn, Àjọkẹ́. Ó ka ti Ìyá Ìjẹ̀ṣà. Èyí tó kẹ́yìn, Àjọkẹ́. Ìyá Ráfátù yí ọrùn díẹ̀díẹ̀.

"Ìwọ náà?"

"Ìwọ náà?"

Ilé kẹta, Àjọkẹ́. Ilé kẹrin, Àjọkẹ́. Àwọn obìnrin ti ń fi ìgúnpá gbún ara wọn. Òyìnbó wá mú ìwé kan, ó wò ó, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí òyìnbó bá wò yín tó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ wá ọ̀nà. Ó ka orúkọ mi. Ó ní bàbá ni mí. Ó ní ọmọ mi ń jẹ́ Àjọkẹ́. Ó sì ń dúró kí n túmọ̀ rẹ̀.

Mo wo fèrèsé, ó ga. Mo wo ilẹ̀kùn, alápatà kan tó sanra ló dí i.

Mo ní, "Ó ní… ó ní télọ̀ kan wà ní Yábà."

"Ìyẹn nìkan kọ́ ló sọ," tíṣà ké láti ẹ̀yìn. Ọlọ́run mọ ohun tí mo fi ṣe ọkùnrin yẹn.

"Ó ní télọ̀ náà ní ọmọ kan."

Bàbá Kọ́ńfọ́ọ̀tì tú apá rẹ̀ sílẹ̀. "Télọ̀ wo?"

"Télọ̀… tó dúró níwájú yín yìí, sà."

Kọ́ńfọ́ọ̀tì gbé àwo tíì sílẹ̀. Kò bínú, kò sunkún. Ojú rẹ̀ kàn rí bí ojú ẹni tó ń ṣírò ọjọ́ orí Àjọkẹ́ mọ́ tèmi. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Bàbá rẹ̀ ti wà lórí ìdúró. "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà! Bùbá aláwọ̀ mẹ́sàn-án! Télọ̀ wo ló ń rán aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ?"

"Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ìwé pupa yẹn ni. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù! Ẹ̀rù ló bí ọmọ?"

Gbogbo gbọ̀ngàn dà sẹ́rìn-ín. Mo ń wá ihò.

"Kò sí ìdána mọ́," ó ní. "Iṣu tó o rà, sè é jẹ. Ìwọ àti ọmọ rẹ."

Òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá rò pé wọ́n ń kí mi kú oríire. Ó pàtẹ́wọ́ díẹ̀, ó mú ìwé tó kàn. Ó pẹ́ kó tó ṣí i, nítorí ìṣó wà lára rẹ̀. Ó kà á: Kọ́ńfọ́ọ̀tì. Jósẹ́fù. Dèbórà. Sámúẹ́lì.

Ó wá kan orúkọ kan tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n pè dáadáa.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohùn mi tó ti rẹlẹ̀ bí ohùn ẹ̀fọn, ló padà di agogo ṣọ́ọ̀ṣì. N kò kánjú. Mo ní, "Ìwé Bàbá Kọ́ńfọ́ọ̀tì la dé yìí. Kọ́ńfọ́ọ̀tì. Jósẹ́fù. Dèbórà. Sámúẹ́lì." Mo na ọrùn wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "Àti… ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ṣé ẹ ń gbọ́ mi… àti Àjọkẹ́."

Gbogbo orí yí sí ọ̀dọ̀ káfíńtà.

Ìyá Kọ́ńfọ́ọ̀tì dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. "Bàbá Kọ́ńfọ́ọ̀tì."

"Hùn."

"Mo ní, Bàbá Kọ́ńfọ́ọ̀tì."

"Ìwọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé pupa, àbí o ò gbọ́?"

"Mo gbọ́. Ẹnu yín ni mo fẹ́ ti gbọ́ èyí."

Ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó wo ìṣó méjèèjì lórí tábìlì. Ó ní wúyẹ́wúyẹ́, "Ẹ̀rù ló bà mí."

Mo tẹ̀ síwájú díẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀rù ló bí ọmọ, sà?"

Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó jáde, ti Kọ́ńfọ́ọ̀tì ni. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo mọ̀ pé mo ti láya. Lẹ́yìn náà ni gbogbo gbọ̀ngàn wó sórí ara wọn; Ìyá Ráfátù rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́ sínú tíì.

Òyìnbó wá ní kí n ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó tún funfun padà. Ó ní kí wọ́n pe Àjọkẹ́ wọlé. Ọmọ náà wà lórí fèrèsé látìgbà náà, búrẹ́dì kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí n bi í pé ọmọ ta ni. Àjọkẹ́ wo gbogbo wa yíká, ó wá sọ sí mi létí pé, "Bùọ̀dá Télọ̀, ṣé bísíkíìtì tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

Òyìnbó nà ró, ó bi gbogbo gbọ̀ngàn pé ta ló ni ọmọ yìí. Kí n tó túmọ̀ rẹ̀, wọ́n ti nawọ́ sókè, àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá náà. Ọwọ́ Ìyá Ráfátù wà níbẹ̀, ọwọ́ Ìyá Ìjẹ̀ṣà, ọwọ́ alápatà ìdí ilẹ̀kùn tí n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó mọ ọmọ náà, ọwọ́ tíṣà ọ̀tá mi. Bàbá Kọ́ńfọ́ọ̀tì ló na tirẹ̀ gbẹ̀yìn, ó nà án dé ìdajì. Mo rí òyìnbó tó ń fi ìka tọ́ àwọn ọwọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń kà wọ́n. Nígbà tó dé àárín, ó dáwọ́ dúró. Ó ká ìwé pupa náà sí méjì, ó fi í sábẹ́ ife tíì rẹ̀.

Ìdána wáyé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Iṣu mi kò bàjẹ́. Àjọkẹ́ ló ń tẹ̀ lé Kọ́ńfọ́ọ̀tì lẹ́yìn bọ̀ nílé mi, ó ní òun kàn fẹ́ wo ibẹ̀ ni. Kò padà mọ́, àfi nígbà oúnjẹ.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, òyìnbó náà fi ìwé ńlá kan ránṣẹ́ sí ilé ìwé, èyí tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé náà. Tíṣà wá ojú ewé wa títí ó fi rí i. Ó kéré, kò ju ìlà méjì lọ. Wọ́n ní ní àdúgbò kan ní Yábà, nínú gbogbo ilé tí wọ́n wọ̀, wọn kò rí ọmọ kan tí kò ní òbí. Bàbá Kọ́ńfọ́ọ̀tì ní kí tíṣà tún un kà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Irọ́ ni wọ́n pa fún òyìnbó." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí eruku pákó wà lára rẹ̀, ó ní eruku ló wọ̀ ọ́ lójú.

Nígbà tí Àjọkẹ́ fẹ́ lọ sílé ọkọ, akọ̀wé rélùwéè kan tó jẹ́ ará Ìjẹ̀ṣà ló fẹ́ ẹ. Bísí, òun àti Àjọkẹ́ ló bí ìyá rẹ, torí náà má bínú sí ohun tí n ó sọ nípa rẹ̀. Wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó. Mo jókòó sórí àga. Bàbá Kọ́ńfọ́ọ̀tì, tó ti di arúgbó, gbé àga tó kàn fúnra rẹ̀ wá, ó jókòó tì mí, kò wò mí. Alápatà jókòó. Tíṣà jókòó. Àwọn ọkùnrin ń ti àgbàlá wọlé, wọ́n ń gbé àga, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé kí wọ́n má jókòó. Ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Kọ́ńfọ́ọ̀tì, ó dìde. Nígbà tó ṣe, àyà agbádá rẹ̀ ti di iyẹ̀pẹ̀, òógùn ń kán ní imú rẹ̀. Ó gbé orí sókè láti ilẹ̀, ó rọra bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá mélòó ló kù?"

Ìyá Ráfátù ló ké láti àárín àwọn obìnrin: "A kì í kà wọ́n!"

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó sì tún dọ̀bálẹ̀.